Kí a tó ta ọpọ́n ayò bàbá wa

Àwa olùkọ́ mélòó kan tí a ń gbé Akparé la fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, torí ọ̀rọ̀ ọpọ́n ayò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó fèsì.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò gbé ọpọ́n ayò kan wá bá wa lábẹ́ igi máńgòrò tí a máa ń jókòó sí lẹ́yìn iṣẹ́. Àpò ìrẹsì ló fi dì í. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ni ín. Bàbá àgbà náà ti kú tipẹ́, bàbá rẹ̀ náà ti kú. Oníṣòwò kan tó ń gun alùpùpù kiri abúlé láti ra ohun àtijọ́ ti ṣèlérí pé òun yóò fún un ní 10.000 fráǹkì. Ó ní kí a bá òun wò ó bóyá owó náà tó, torí òun fẹ́ fi san owó ilé ìwé ọmọ òun.

A wo ọpọ́n náà, a sì wo ara wa. Àwa mẹ́rin la jókòó, kò sí ẹnì kan nínú wa tó lè dá a lóhùn. Àwa tí a lè sọ fún ọmọ kíláàsì láìwo ìwé pé ọdún 1821 ni Napoléon kú, a kò lè sọ ẹni tó gbẹ́ igi tó wà níwájú wa, a kò mọ ọdún tó gbẹ́ ẹ, a kò sì mọ iye tó yẹ kí a pè é. Ojú tì wá.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ohun àtijọ́ tí àwa tí a ni ín kò bá mọ ìtàn rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò dá iye lé e fún wa. Nítorí náà, kí a tó tà á, kí a tó tún un ṣe, kódà kí a tó fi omi kàn án, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́.

Kí ẹ má bàa rò pé a kàn fẹ́ kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ tiwa ná. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé ìwé kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí ṣe ọjọ́ àṣà. A ní kí àwọn ọmọ mú ohun àtijọ́ wá láti ilé. Ọmọbìnrin kan mú ọpọ́n ayò wá. Ó dúdú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ya, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì rí bí ẹni pé ó dọ̀tí. Ojú ń tì wá láti gbé e síwájú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀. A bá gbé e fún káfíńtà. Ó fi sándípépà ha á títí ó fi mọ́ kedere, ó fi gúlù àti ìyẹ̀fun igi dí ibi tó ya, ó sì kùn ún ní fáníìṣì. Nígbà tó gbé e dé, ó ń dán bí tábìlì tuntun. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ìyá àgbà ọmọ náà dé, ó gbé ọpọ́n náà lé itan, ó dà á dé, ó ń fi ìka wá nǹkan kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó wá a títí, kò rí i. Ó gbójú sókè, ó ní: "Ẹ̀yin tíṣà, ìlà mẹ́ta tó wà níbí dà?" Nígbà tí bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n gbẹ́ ọpọ́n náà, ọmọ mẹ́ta ló ti bí. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà fi irin gbígbóná fa ìlà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìyá náà ní: "Èmi ni ìlà kẹta." A kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ìlà náà ti bá eruku sándípépà lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń ronú sí ọ̀rọ̀ yìí, ìdí sì nìyẹn tí ọpọ́n inú àpò ìrẹsì yìí fi bà wá lẹ́rù.

Gbogbo wa la mọ ayò. Ilé mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Àwọn Fọ̀n aládùúgbò wa ń pè é ní adji, ní Côte d'Ivoire wọ́n ń pè é ní awalé. Ọmọdé lè gbẹ́ ilé rẹ̀ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kó sì ta á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọlọ́lá, baálẹ̀ tàbí ọ̀ta tí gbogbo ìlú mọ̀ bá fẹ́ ọpọ́n tirẹ̀, ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ló ń lọ. Ẹni yẹn ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ fún. Bí ó bá fẹ́ ẹsẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, wọn yóò fi sí i. Bí ó bá fẹ́ ọnà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn yóò fín in. Bí ó bá fẹ́ ojúbọ̀ ńlá létí méjèèjì tí yóò máa kó ọmọ ayò tó bá jẹ sí, wọn yóò gbẹ́ ẹ. Nítorí náà, ọpọ́n bẹ́ẹ̀ ní orúkọ méjì lára: orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ àti orúkọ ẹni tí a gbẹ́ ẹ fún. Ọ̀ràn ibẹ̀ ni pé wọn kì í kọ orúkọ méjèèjì sára igi. Orí ènìyàn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ta bílíáàdì ní ilé ọtí ẹ̀bá ọ̀nà ńlá tó ti Lomé wá yóò tètè yé ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀pá kan máa ń wà nínú ilé ọtí tó tọ́ ju àwọn tó kù lọ, tí gbogbo yín ń jà sí. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ George Balabushka. Rọ́ṣíà ni wọ́n ti bí i ní 1912, ó dé Amẹ́ríkà ní 1924, iṣẹ́ igi ló ń ṣe. Ní 1959 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀pá bílíáàdì fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi kú ní 1975, àwọn tó mọ eré náà dáadáa ti ń wá ọ̀pá rẹ̀ kiri. Ní 1986 wọ́n dárúkọ rẹ̀ nínú sinimá kan tí Paul Newman àti Tom Cruise ṣe, gbogbo ayé sì gbọ́ orúkọ náà. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń ta ọ̀pá kan tó bá jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Kódà, ọ̀pá tí wọ́n fi ṣe sinimá náà gan-an kì í ṣe tirẹ̀, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é kó lè jọ tirẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ tòótọ́ yàtọ̀ sí ayédèrú? Kì í ṣe gbogbo ọ̀pá rẹ̀ ló kọ orúkọ sí. Wọ́n ń wo bí a ṣe so igi mọ́ igi, òrùka tó wà níbi tí apá méjèèjì ti pàdé, irú okùn tí a wé mọ́ ibi ìdìmú. Wọ́n mọ̀ pé láàárọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, igi tí ilé iṣẹ́ Brunswick ti so tẹ́lẹ̀ ló ń lò, pé nígbà tó yá ó ń gba igi lọ́wọ́ Burton Spain àti Gus Szamboti. Wọ́n ń béèrè ẹni tó kọ́kọ́ rà á àti ọwọ́ tó ti kọjá. Kì í ṣe ìjọba ló kó ìmọ̀ yìí jọ, àwọn tó fẹ́ràn eré náà ni. Wọ́n béèrè, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ya fọ́tò. Igi ni, bíi tiwa. Eré ni, bíi tiwa. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé wọ́n béèrè nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.

Ṣé àwa kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni? A ní. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀-Èkìtì kú ní 1938. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún Arínjálẹ̀ ti Ìsẹ̀ àti Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ kan dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 1924 fún ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley, British Museum sì fẹ́ ẹ. Wọ́n ní láti ṣe ìtẹ́ kan nílùú Òyìnbó fún Ògògà kí wọ́n tó fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ọba náà mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wú wa lórí jù ni pé ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú Ọlọ́wẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀, ó sì ń dárúkọ iṣẹ́ tó ṣe nínú oríkì náà. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, ló gbà á sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin ará, oríkì ni ìwé àkọsílẹ̀ tiwa. Ó kàn jẹ́ pé ìwé náà máa ń kú pẹ̀lú ẹni tó ń kà á.

Ẹ tún gbọ́ èyí, nítorí ó sún mọ́ wa ju Èkìtì lọ. Ọpọ́n Ifá kan wà ní ìlú Ulm ní Jámánì. Ìlú Allada, ní Benin òde òní, ni wọ́n ti gbé e lọ. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Weickmann tò ó sínú ìwé tó ṣe nípa àwọn ohun tó kó jọ, ìwé náà sì jáde ní 1659. Nítorí ìlà díẹ̀ tó wà nínú ìwé yẹn, gbogbo ayé mọ̀ lónìí pé ọpọ́n Ifá náà ti lé ní 350 ọdún. Ọ̀pọ̀ ọpọ́n mìíràn lè ti wà láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ tiwọn sílẹ̀. Ìlà mélòó kan nínú kàyé ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí abẹ́ igi máńgòrò. A sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kó fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta, kí a lè wò ó dáadáa. Ohun tí a ṣe nìyí, ẹ̀yin náà lè ṣe é.

A kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ènìyàn kí a tó béèrè lọ́wọ́ igi. Ta ló ni ín? Níbo ló máa ń gbé e sí? Àwọn wo ni wọ́n jọ ń ta á? Ta ni wọ́n ní ó gbẹ́ ẹ? Lẹ́yìn náà la wo igi. Ní agbègbè wa, ìbéèrè kan wà tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀: ṣé tíìkì ni? Àwọn ará Jámánì ló mú tíìkì wá sí Tógò, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Igi náà sì gbọ́dọ̀ dàgbà kó tó ṣe é gbẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọpọ́n tíìkì wá pẹ̀lú ìtàn pé láyé Ghezo ní Àbọ̀mẹ́ ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Eléyìí kì í ṣe tíìkì. Igi líle ni, ó wúwo.

A wá ojú irin. Àáké kékeré tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń gbẹ́ igi máa ń fi ojú sílẹ̀, ojú kan kì í sì í jọ èkejì gẹ́lẹ́. Ayùn oníná máa ń fi ìlà tó tò gbọọrọ sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá ní ìhà Èkìtì máa ń pín iṣẹ́ wọn sí mẹ́rin: wọn yóò lé ọnà, wọn yóò tún un lé, wọn yóò dán an, wọn yóò wá fín in. Ọmọ iṣẹ́ lè ṣe ti àárín, ṣùgbọ́n ibi fínfín ni a ti ń mọ ọwọ́ ọ̀gá, bí a ṣe ń mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ kíláàsì kódà bí kò bá kọ orúkọ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ẹ ti máa rí ojú irin jù, torí kò sí ẹni tó ń dán ìsàlẹ̀.

A wo ibi tó ti jẹ. Àwọn kan wà tó ń sọ ọpọ́n tuntun di àtijọ́: wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, wọ́n á fín in ní èéfín, wọ́n á fi ẹrẹ̀ pa á. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kì í mọ ibi tí ọwọ́ ń gbà. Ọpọ́n tí wọ́n ta fún ogójì ọdún máa ń dán nínú ilé, ó máa ń jẹ ní etí ilé níbi tí ìka ti ń kó ọmọ ayò, ó sì máa ń fẹ́lẹ́ lábẹ́ níbi tó ti ń fi ara ha ẹní. Ayédèrú máa ń dúdú níbi gbogbo bákan náà. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Kí la wá rí? Etí ọpọ́n náà kan ti ya rí, ẹnì kan sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ran án bí a ṣe ń ran igbá. Irin náà ti dípẹtà, ó ti bá igi mọ́ra. Ilé mẹ́fà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan dán, wọ́n sì fẹ̀ díẹ̀ ju mẹ́fà ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. A kò mọ ìdí rẹ̀ títí bàbá àgbàlagbà kan ládùúgbò fi dé. Bàbá náà fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó pe orúkọ ẹni tó ni ín kí a tó sọ fún un. Ó ní bàbá yẹn kì í yí ìjókòó rẹ̀ padà láé, ojú ọ̀nà ló máa ń kọjú sí kó lè rí ẹni tó ń kọjá, àwọn tó ń bá a ta ayò nìkan ló ń yí padà. Ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ ló dán yẹn. Ó tún dárúkọ gbẹ́nàgbẹ́nà kan àti abúlé rẹ̀. A ti kọ orúkọ náà sínú kàyé. A kò ní kọ ọ́ síbí títí ẹbí gbẹ́nàgbẹ́nà náà yóò fi gbọ́, torí ọ̀rọ̀ ẹnì kan kò tíì tó ẹ̀rí.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe yí padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó jẹ́ igi dúdú nínú àpò ìrẹsì ti di ọpọ́n bàbá kan tó máa ń kọjú sí ọ̀nà.

Lórí títún un ṣe, ọ̀rọ̀ wa kúrú: ẹ ṣe ìwọ̀nba. Dúdú tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Epo ọwọ́, òógùn, èéfín ilé ìdáná àti ọdún tó ti kọjá ló di àwọ̀ rẹ̀. Bí a bá ha á kúrò, kò sí fáníìṣì tó lè dá a padà. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kí ẹ fi gbọn eruku rẹ̀. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má fi gúlù dí ibi tó ya. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní òfin kan tí a fẹ́ràn: má ṣe ohun tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní lè tú. Ìrán irin tó wà létí ọpọ́n yìí náà, a kò ní yọ ọ́. Ó ń sọ fún wa pé ẹnì kan fẹ́ràn ọpọ́n náà débi pé nígbà tó fọ́, kò jù ú nù.

Bí ìyẹ̀fun tuntun bá ń dà sílẹ̀ lábẹ́ igi náà, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má da oògùn kòkòrò oko sí i lára, ẹ óò ba igi jẹ́, ẹ óò sì ṣe ara yín ní ibi. Bí igi náà bá gbẹ dáadáa tí kò sì ní ọ̀dà lára, ẹ fi ọ̀rá dì í pinpin, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ gbé e sínú fíríìsà tó tutù dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e jáde, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rá náà fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó tú u, kí ìrì má bàa ṣẹ̀ sí i lára. Oníẹja tútù kan ló yá wa ní àyè nínú fíríìsà tirẹ̀. Ó bi wá bóyá a fẹ́ se igi jẹ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí iná bá ti ń lọ tó ń bọ̀, ọ̀nà yìí kò ní ṣiṣẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iye. Iye mẹ́ta ló wà, a kò sì gbọ́dọ̀ pò wọ́n pọ̀. Èkíní ni iye ọjà: ta ló gbẹ́ ẹ, ta ló ni ín, ṣé ó pé, ṣé ẹ̀rí wà? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní gba 10.000 fráǹkì. Nígbà tí a bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ayò, a máa ń kí ọ̀ta, a sì máa ń kí ọ̀pẹ́. Nínú ọjà ohun àtijọ́, oníṣòwò tó gun alùpùpù wá ni ọ̀ta. Ó mọ ẹni tó máa rà á ní Lomé, ó mọ iye tí wọ́n ń tà á ní Paris. Àwa ni ọ̀pẹ́, àwa tó jẹ́ pé tiwa ni ọpọ́n.

Ìkejì ni iye ilé. Ìlà mẹ́ta ìyá àgbà yẹn kò tó fráǹkì kan lójú ọjà. Lójú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ìkẹta ni iye ìlú. Ẹ rántí àwọn ohun 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà fún Benin. Ọ̀gágun Dodds àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó wọn ní Àbọ̀mẹ́ ní 1892. Ó gba òfin kan ní Paris ní December 2020, wọ́n sì padà dé Cotonou ní ọjọ́ 10 November 2021. Nígbà tí wọ́n pàtẹ wọn ní ààfin ìjọba ní 2022, àwọn ènìyàn tò gbọọrọ láti rí wọn. A kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè pé èló ni ìtẹ́ Ghezo. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: ìbọn ni wọ́n fi kó àwọn yẹn, ìdí nìyẹn tí a fi lè ní kí wọ́n dá wọn padà. Tiwa, ẹ̀yìn alùpùpù ló ń bá lọ, àwa fúnra wa ló gba owó rẹ̀. Lọ́dọ̀ ta ni àwọn ọmọ wa yóò ti lọ béèrè rẹ̀?

Òfin náà wà. Tógò ní òfin tó dáàbò bo ohun àjogúnbá láti November 1990, Nàìjíríà ní tirẹ̀ láti 1979, àdéhùn UNESCO sì ti wà láti 1970. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá ibodè, kò lè kàn gbé e sínú àpò kó máa lọ. Ẹ bi oníṣòwò tó bá wá bá yín pé ìwé rẹ̀ dà.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Wọn yóò ní: "Ebi ń pa ènìyàn, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ igi." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, a kò lè fojú di í. Owó ilé ìwé kì í dúró de ìtàn. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ta ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kó má tà á bí ọ̀pẹ́, kó má sì dá nìkan tà á, torí ọpọ́n bàbá àgbà kì í ṣe ti ọmọ kan ṣoṣo. Àwa mẹ́rin dá owó ilé ìwé ọmọ náà jọ, a fi yá bàbá rẹ̀. Kì í ṣe pé a lówó, ẹ mọ owó oṣù tíṣà. A fi ra àkókò ni. Nígbà tí gbogbo ẹbí bá pé jọ fún ọdún iṣu, wọn yóò gbé ọpọ́n náà sí àárín, wọn yóò gbọ́ ìtàn rẹ̀, wọn yóò sì pinnu. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n tà á, a óò bá wọn kọ ìwé tí yóò máa bá a lọ. Bí wọ́n bá ní kó dúró, yóò dúró.

Àwọn mìíràn yóò ní ohun àtijọ́ kò bá ìgbàgbọ́ àwọn mu. Ọpọ́n ayò kò ní kí ẹnikẹ́ni bọ òun. Mùsùlùmí ń ta á, Kìrìsìtẹ́nì ń ta á, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń ta á. Ẹni tó bá pàdánù nínú wọn nìkan ló máa ń bínú.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò wọ́n. Kí ẹnì kan nínú ilé kọ̀ọ̀kan ra kàyé kan. Kó ya fọ́tò ohun àtijọ́ tó wà nílé: òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó dàgbà jù, kó tan fóònù, kó jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ ní èdè wa, kó má dá a lẹ́nu. Kó kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi fọ́tò náà síbí pẹ̀lú orúkọ ilé yín, torí kì í ṣe ojú rere nìkan ló ń ka ojú ewé yìí. Ẹ fi pa mọ́ sílé.

Ọmọbìnrin tó mú ọpọ́n wá sílé ìwé nígbà yẹn ti dàgbà. A bẹ ìyá àgbà rẹ̀ pé kó jẹ́ kí a wá ẹni tí yóò tún ìlà mẹ́ta náà fà. Kò gbà. Ó ní ìlà tí a bá fà yẹn, tiwa ni yóò jẹ́, kì í ṣe ti bàbá òun. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọmọbìnrin náà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé pélébé kan wà nínú ọ̀rá báyìí, ó wà pẹ̀lú ọpọ́n náà. Orúkọ mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Ti ìyá àgbà ló ṣe ìkẹta.

Ẹ̀yin ará, ilé tiyín ńkọ́? Kí ló wà lókè àjà, ta sì ló kù tó mọ̀ ọ́n?